Ọyẹ́ kọ́ ló ń pa wọ́n: ìtàn sundew inú àpótí gíláàsì kan ní Kubwa

Olùkọ́ bàìọ́lọ́jì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Àbújá ni, Kubwa ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ilé ìwé girama ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ojú ara wọn rí ewéko tó ń mú kòkòrò jẹ. Inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń bá orúkọ Drosera, ìyẹn sundew, pàdé. Wọn á há a sórí, wọn á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Ó gbà kí n kọ ìtàn yìí. Ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí n má fo ibi tó burú, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹlòmíì ti máa rí nǹkan kọ́.

Irú mẹ́ta ló ní, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ewéko àti irúgbìn tó ń wọ Nàìjíríà, kí wọ́n tó dé. Àkọ́kọ́ ni Drosera adelae, ọmọ igbó olójò Queensland ní àríwá Ọsirélíà, tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì lè gbé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Èkejì ni Drosera burmannii, tí wọ́n ń rí láti Íńdíà títí dé Ọsirélíà. Ó máa ń pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, irun etí ewé rẹ̀ sì yára débi pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ló ti ká lé kòkòrò lórí. Ẹ̀kẹta ni Drosera spatulata, tí òun náà ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìmọ́lẹ̀ bá tó o.

Fún ẹni tí kò tíì rí sundew rí: irun wẹ́wẹ́ ló bo ojú ewé rẹ̀, orí irun kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀kán omi kan tó ń dán, tó ń lẹ̀. Ìrì la máa ń pè é. Kòkòrò tó bá bà lé e kò ní lè gbéra mọ́. Irun yóò ká mọ́ ọn, ewé yóò sun oje sí i lára, yóò sì fa oúnjẹ inú rẹ̀ mu. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí. Àbàtà ni, tàbí yanrìn tí òjò ti fọ̀ títí tí kò fi sí nǹkan kan tó kù nínú rẹ̀. Gbòǹgbò wọn kò rí nitrogen àti phosphorus tó nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń wá a lára kòkòrò. Ọ̀kan nínú ìdílé yìí, Drosera indica, wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí: á hù lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó rin nígbà òjò, á so irúgbìn, á sì kú bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ooru ilẹ̀ Hausa kì í ṣe ọ̀tá ìdílé yìí. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ó tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja tẹ́lẹ̀, gígùn rẹ̀ 60 cm, ìbú rẹ̀ 30 cm. Iyẹ̀pẹ̀ wọn jẹ́ peat, ìyẹn ewéko àbàtà tó ti jẹrà di ilẹ̀, pẹ̀lú perlite, òkúta funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi iná wú, ìlàjì-ìlàjì, láìsí ajílẹ̀ kankan. Ó gbé ìkòkò wọn sínú àwo tí omi inú rẹ̀ ga tó ìka kan, ó so iná LED funfun kọ́ sókè, ó fi gíláàsì bo ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ínfátà ilé ló gbé iná náà, nítorí náà bí NEPA mú iná lọ, àpótí kò mọ̀. Oṣù kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ó gbé bésìn sí ìta, omi òjò ló sì ń bu sí wọn.

Àwọn ewéko náà dáa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán wọn ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ìrì kún ojú ewé dẹ́dẹ́, spatulata ti pọ́n, burmannii ti yọ igi òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè. Àwọn ọmọ kíláàsì wá wò wọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó rẹ̀ sì ní wọn kò fẹ́ lọ sílé mọ́.

Òjò dá ní oṣù kẹwàá. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ọyẹ́ ti dé. Ẹni tó bá gbé Àbújá mọ bí ó ṣe máa ń rí: ètè á bó, ilẹ̀kùn onígi á máa dún, aṣọ tí a sá ní àárọ̀ á ti gbẹ kí a tó jẹun tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá ni ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọyẹ́ ti fẹ́ pa àwọn ewéko mi tán. Kò sí ìrì kankan lára wọn mọ́, adelae sì ti ń dúdú láti ẹnu ewé wá."

Èrò gbogbo ayé ni pé ọyẹ́ ni. Ẹni tó ń ta òdòdó létí títì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Èrò náà sì bójú mu, torí omi ni ìrì sundew, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa gbé omi lọ. Ohun tó wá ṣe lórí èrò yẹn ni ó yẹ ká wò dáadáa. Ó ti gíláàsì àpótí náà pa pátápátá. Ó ra ìgò tí wọ́n fi ń fín omi, ó ń fín in sára ewé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Àwo ìsàlẹ̀ kì í gbẹ, torí bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀ ló ń bu omi kún un. Omi wo? Kò sí òjò mọ́, nítorí náà omi kànga ẹ̀rọ ilé ni. Bí iná kò bá sí láti fa omi sókè, wọn a pe àwọn mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò, omi tiwọn ni a ó sì bù.

Mo ní kó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kó gbé e sínú àpótí, kó má sún un kúrò níbẹ̀. Ó ka 84 nínú ọgọ́rùn-ún ní àárọ̀ àti 79 ní ọ̀sán. Nínú pálọ̀ lóde àpótí, 21 ló kà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún èmi. Bí ọ̀rinrin inú àpótí bá jẹ́ 79, ọyẹ́ kò sí nínú àpótí yẹn. Ó wà ní pálọ̀, ó wà ní òpópónà, ṣùgbọ́n kò wà níbi tí ewé wà. Sundew tó ń mí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó ṣu ìrì kíkún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ohun tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀? Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, spatulata yóò kọ́kọ́ padà sí àwọ̀ ewé, ọrùn ewé rẹ̀ yóò sì gùn bí ó ti ń wá iná. Tiẹ̀ ṣì pọ́n, ó sì kúrú. Kòkòrò tó ń fa omi ara ewé? Wọ́n máa ń ba ewé tuntun jẹ́ ní àárín, a máa ká jọ, a máa wọ́. Ó fi gíláàsì amúǹkantóbi wo àárín gbogbo wọn àti abẹ́ ewé, kò rí nǹkan kan. Ṣé ó ṣí wọn nípò ni? Sundew tí a bá ṣí nípò máa ń pàdánù ìrì fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n láti oṣù kẹjọ. Ó wá ku omi.

Mo yà sílé wọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyàwó rẹ̀ ló yanjú rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ó ń fọ kẹ́tùlù nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá bu omi sínú ìgò tó ń fín. Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé omi yìí náà lẹ ń bu fún wọn? Ẹ wo ohun tó ń ṣe kẹ́tùlù mi." Ó dorí kẹ́tùlù náà kọ wá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, ẹfun tó le ti dì mọ́ ọn débi pé ó ń fi ṣíbí ha á. A padà sí ìdí àpótí, a gbé ìkòkò adelae kan jáde sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ẹfun kan náà wà níbẹ̀. Ó yí etí ìkòkò ká ní ìlà funfun, ó wà lójú peat bí ìyẹ̀fun tó ti gbẹ, ó sì wà lára ewé níbi tí ẹ̀kán omi tó fín ti gbẹ sí. Wọ́n ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n rò pé èbu ni.

Ẹ̀rọ TDS kékeré tí a ń tì bọ omi ló fún wa ní nọ́ńbà. Ohun tó ń kà ni iye nǹkan tó yọ́ sínú omi, ppm, ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwa tó ń gbin sundew kì í fẹ́ kó kọjá 50. Omi òjò tó kù díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ 9. Omi kànga ẹ̀rọ ilé jẹ́ 310. Ti mẹ́ruwà tí wọ́n rà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ 365. Omi tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò wá jẹ́ 1,140.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ kí olùgbìn dúró lé lórí. Omi 310 ló ń bù síbẹ̀, báwo ló ṣe di 1,140? Omi nìkan ló ń fò lọ. Ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kì í bá a fò, ẹ̀yìn ló ń dúró sí, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná tí a sì tún ń bu omi oníyọ̀ kún un. Kí ó tó ti àpótí pa, nígbà tí ọyẹ́ ń fa omi inú àwo gbẹ kíákíá, ó ń bu omi sí i lójoojúmọ́, ẹfun tuntun sì ń wọlé lójoojúmọ́. Fífín tó ń fín wọn náà ń gbé ẹfun lọ sójú ewé gan-an, sórí irun tó ń ṣu ìrì. Nítorí náà ọyẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mi ò ní sọ pé kò lọ́wọ́ rárá, ṣùgbọ́n inú àwo ló gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ omi òjò ló ń bù bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ ì bá gbẹ ẹ́ títí, kò sí ohun tí ì bá kù lẹ́yìn tó lè pa ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe ojú ni pé òpin òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ máa ń tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí lọ́dọ̀ wa. Nǹkan méjì yí padà ní oṣù kan náà, afẹ́fẹ́ àti omi, ojú wa sì máa ń lọ sí èyí tí ara wa ń gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ "ọyẹ́ pa á" lẹ́nu àwọn tó ń gbin irú ewéko yìí láti Àbújá títí dé Kàdúná, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bi wọ́n ní báyìí ni pé omi wo ni wọ́n bù láti oṣù kẹwàá.

Ara sundew gba ìkìlọ̀ yìí jù. Charles Darwin fi ọ̀pọ̀ ọdún dán irú ti Yúróòpù wò, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1875 ó sì fi hàn pé ìwọ̀nba ammonium phosphate tó kéré ju èyí tí ojú lè rí ti tó láti mú kí irun ewé rẹ̀ ká. Ewéko tó ń gbọ́ ìró nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ la ń da omi 1,140 sí nídìí.

Ó kọ́kọ́ ní òun yóò máa se omi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, torí omi tí a sè ni omi tó mọ́ lójú wa. Sísè ń pa kòkòrò àìsàn, kì í kó ẹfun kúrò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó kù sínú omi ṣì pọ̀ jù fún sundew, bí omi sì ti ń ru lọ ló ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi sínú dúrọ́ọ̀mù kí omi lè tòrò, nǹkan mìíràn ló tún ń fi kún un. Píọ́ wọ́tà ńkọ́? Ó wọn oríṣi tí wọ́n ń tà ní àdúgbò. Ọ̀kan jẹ́ 38, òmíràn jẹ́ 170. Omi kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ń sẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn, bí oníkálukú ṣe ń sẹ́ ẹ ló ń rí. A kò lè gbára lé orúkọ, a ní láti wọn ọ́n nígbàkúùgbà.

Omi tó ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù dára, nítorí láti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá, ṣùgbọ́n ta ló ń tan ẹ̀rọ amúlétutù nígbà ọyẹ́? Bí a bá tilẹ̀ tàn án, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò ní omi tó máa kán sílẹ̀. Ohun tó rí lò nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni omi bátìrì tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ń tà, èyí tí a ń bù sínú bátìrì ínfátà. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, omi tí a ti yọ ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kúrò ni. Èyí tó rà jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára o. Ásíìdì bátìrì wà nínú ìgò tó jọ ọ́, lórí káńtà kan náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì máa ń pe méjèèjì ní omi bátìrì. Ìgò kejì tó rà láti ibòmíràn mú kí nọ́ńbà ẹ̀rọ TDS fò kọjá ibi tó lè kà dé. Ó dé e, ó gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé, ó sì dá a padà. Ẹ má ṣe fi ìka kàn án wò, ẹ má sì bù ú sídìí ewéko láì kọ́kọ́ wọn ọ́n.

Bí omi tó dára ṣe dé, a pín àwọn ewéko sí méjì. Spatulata àti burmannii kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, nítorí náà fífọ̀ la fọ iyẹ̀pẹ̀ wọn. Ó gbé ìkòkò sórí àwo tó jò, ó ń da omi bátìrì sí i lókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wọn èyí tó ń jáde nísàlẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kọjá 1,000. Ó dà á títí tó fi wá sí bíi 90, ó dúró, ó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ewé tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò padà ṣu ìrì, kí ẹnikẹ́ni má retí ìyẹn. Ewé tuntun láti àárín ni kí ẹ máa wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìrì tuntun yọ lára burmannii.

Adelae ti lọ jìnnà. Ewé tó kù lára ìkòkò méjèèjì kò ju mẹ́rin lọ, dúdú ti dé àárín wọn. Olùkọ́ wa fẹ́ ṣí wọn sí iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Kódà ó ti ra àpò iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan lọ́wọ́ olódòdó létí títì, ó sì ti fi spatulata kékeré kan dán an wò. Ajílẹ̀ ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn, spatulata náà kò sì lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kó fi ewé adelae sílẹ̀, kó wá gbòǹgbò.

Ìpinnu yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gbin sundew gbé yẹ̀ wò jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Bí ewéko bá ń kú, gbogbo ọkàn wa máa ń lọ sí bí a ó ṣe mú èyí tí a ń wò lójú yìí yè. Ní ti adelae, abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rú ọmọ fúnra rẹ̀ láti ibikíbi. Bí a bá tètè gé e kí ó tó jẹrà, a kò pàdánù nǹkan kan àfi àkókò.

Ó tú ìkòkò náà sínú bésìn omi tó mọ́, ó ń fọ peat kúrò jẹ́jẹ́. Àwọ̀ gbòǹgbò sundew dúdú tẹ́lẹ̀, nítorí náà dúdú kì í ṣe àmì ikú. Ẹ fi ìka méjì mú un: èyí tó le, tó ń tẹ̀ tí kò já, ó wà láàyè, èyí tó rọ̀ tó sì bọ́ awọ sí yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ó rí bíi mọ́kànlá tó dára. Ó fi rẹ́sà tó fi spírítì nù gé wọn ní 2 sí 3 cm, ó tẹ́ wọn sórí sphagnum (ewéko kéékèèké inú àbàtà tó máa ń fa omi mọ́ra) tó rin nínú abọ́ ìjẹun onírọ́bà tó mọ́ gaara, ó bu sphagnum fẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn lórí, ó dé e, ó sì gbé e sábẹ́ iná. Mẹ́ta tó bò nípọn jù bu. Mẹ́jọ tó kù dúró bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan, títí ìyàwó rẹ̀ fi ń béèrè bóyá kí òun gba abọ́ òun padà. Nínú oṣù kejì ni àwọn orí kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹyọ kan lára èyí, méjì lára òmíràn. Ewé wọn kò tíì tó èékánná tí ìrì ti wà lórí rẹ̀.

Ní ti spatulata, ewé ló lò. Ó fà á láti ìdí kí ọrùn ewé má bàa kù sẹ́yìn, ó jẹ́ kó léfòó lójú omi bátìrì nínú ife tó ní ìdérí, lábẹ́ iná. Ewé náà máa ń ṣe bí ẹni ń kú ná, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí èéhù tó yọ lójú rẹ̀. Èyí tí kò bá ti rà, ẹ fi sílẹ̀. Burmannii kì í fẹ́ gbọ́ ti ewé gígé. Irúgbìn ni tirẹ̀. Òdòdó tó yọ ní oṣù kẹsàn-án ti so, olùkọ́ sì ti gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú bébà tó ká. Ó kéré bí eruku, ó dúdú. Ó pín in sí méjì. Ó wọ́n apá kan sójú peat lásán, ó bu peat díẹ̀ lé apá kejì, bí a ti ń ṣe fún àgbàdo. Apá àkọ́kọ́ hù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá kejì kò hù rárá. Ìmọ́lẹ̀ ni irúgbìn yìí fi ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti hù. Ó gbé àwọn abọ́ méjèèjì lọ sí kíláàsì, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ kọ́ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Peat tán. Cocopeat ló rí rà, ìyẹn èérún èèpo àgbọn tí wọ́n fún pọ̀. Iyọ̀ pọ̀ lára rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Omi tó kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́ di 640. Ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún rẹ ẹ́ mọ́jú, ó ń wọn ọ́n lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí omi tó fún jáde fi wá sí abẹ́ 50. Iṣẹ́ tó ń tán ni ní sùúrù ni, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Oṣù kẹta dé, ooru Àbújá sì dé gan-an. Pálọ̀ ń gbóná dé 36 °C lọ́sàn-án, inú àpótí tí a tì pa tí iná wà lórí rẹ̀ sì kọjá 40 °C. Burmannii kò bìkítà. Àwọn ọmọ adelae bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, torí ibòji igbó ni baba ńlá wọn ti wá, 32 °C sókè kì í rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tó ṣe rọrùn, ó sì gbọ́n: ó yí ọ̀sán padà sí òru. Igun tí oòrùn kì í dé ni àpótí wà, nítorí náà ó sún aago iná síwájú, kó máa tàn láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí òkùnkùn àti ìsinmi bọ́ sí ìgbà tí ooru mú jù. Ó sún gíláàsì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ó sì ń gbé ìgò omi dídì kan sí igun àpótí ní aago méjì ọ̀sán. Inú rẹ̀ wá sí 33. Ewé tuntun tó yọ lẹ́yìn náà tọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ilé sì kó èsúnsún tó fò wá sábẹ́ gílóòbù, wọ́n fi bọ́ spatulata. Ẹran yẹn ti tóbi jù. Ewé kò lè ká a mọ́ra tán, apá tó kù sílẹ̀ bu, ewé náà sì jẹrà pẹ̀lú rẹ̀. Èérún oúnjẹ ẹja tó gbẹ, tí a lọ̀ kúnná, èyí tó lè dúró lórí igi ìtayín, ó tó fún ewé kan, kí a tún tó ọ̀sẹ̀ méjì ká tó fún un ní òmíràn.

Nígbà tí òjò padà dé dáadáa, ó béèrè lọ́wọ́ mi bí omi tí yóò pamọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ṣe máa pọ̀ tó. A ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó ti kọ sílẹ̀: àpótí náà ń mu bíi lítà 2 lọ́sẹ̀, àti òpin oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kẹrin jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24. Lítà 48 nìyẹn. Fífọ iyẹ̀pẹ̀ àti gbígbin ọmọ tuntun yóò gba díẹ̀ sí i, ó sì yanjú sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó gba lítà 25. Kẹ́ẹ̀gì dúdú tàbí aláwọ̀ búlúù ni kó jẹ́, kí ewédò má hù nínú rẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ sì ṣe wẹ́kú kí ẹ̀fọn má yé síbẹ̀. Kó má gbe omi òjò àkọ́rọ̀, torí eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́rin ló wà lórí páànù. Kódà bí òrùlé bá ti fọ̀ tán, bóyá láti oṣù kẹfà, tapólì tó mọ́ ni kó ta sí gbangba dípò kó gba ti ẹ̀bá ilé, kó wọn kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kó tó dé e, kó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó gbè é. Kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tó kọ jẹ́ 6.